Bàálù kékeré nílẹ̀ lóru: iná kún ibẹ̀, kí ló dé tí a kò fi rí i?

Ìbéèrè: Bàálù tó ń rìn nílẹ̀ kò tíì fò. Ewu wo ló wà níbẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí St. Louis ní Amẹ́ríkà, alẹ́ ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 1994. Wọ́n ní kí bàálù kékeré kan, Cessna 441, lọ dúró sórí rọ́nwèé 31 (rọ́nwèé ni ojú ọ̀nà tí bàálù ti ń gbéra, tó sì ń balẹ̀). Àmọ́ rọ́nwèé 30 apá ọ̀tún ló wà lọ́kàn awakọ̀ rẹ̀, torí orí rẹ̀ ló balẹ̀ sí lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ibẹ̀ ló wọ̀. Bàálù ńlá kan ti iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú TWA sì ń sáré bọ̀ lójú ọ̀nà kan náà láti gbéra. Èèyàn méjèèjì tó wà nínú Cessna ló kú. Kò sẹ́ni tó kú nínú bàálù ńlá náà.

Ìbéèrè: Ṣé bàálù kékeré kì í tan iná ni?

Ó ń tan iná. Pupa lápá òsì, àwọ̀ ewé lápá ọ̀tún, funfun nídìí. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, iná funfun kékeré kan ló ń rí, láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún iná tó wà lójú rọ́nwèé. Ẹ wo ojú ọ̀run lóru: ìràwọ̀ kan tó dúró sójú kan, ta ló lè yà á sọ́tọ̀? Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Los Angeles ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1991 nìyẹn. Bàálù kékeré kan ń dúró lórí rọ́nwèé nígbà tí ilé ìṣọ́ (ibi tí wọ́n ti ń darí bàálù) ní kí bàálù ńlá kan, Boeing 737, balẹ̀ síbẹ̀. Awakọ̀ 737 kò tètè rí i. Gbogbo èèyàn 12 tó wà nínú èyí kékeré ló kú, àti àwọn tó lé ní 20 nínú èyí ńlá. Ó ń dùn mí títí dòní, torí pé àwọn tó wà nínú èyí kékeré kò ṣe àṣìṣe kankan.

Ìdí nìyí tí FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, fi ń gba awakọ̀ tó bá ń dúró lórí rọ́nwèé lóru nímọ̀ràn pé kó yà díẹ̀ kúrò lórí ìlà àárín, bí ẹsẹ̀ bàtà 3, kí iná rẹ̀ má baà dà pọ̀ mọ́ ti ilẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ká kúkú tan gbogbo iná láti ibi ìgbọ́kọ̀sí ni?

Rárá o. Ó máa ń gba ojú tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kó tó mọ́ òkùnkùn lára dáadáa, iná funfun tó ń bù yẹ̀rì sì lè ba èyí jẹ́ fún ẹlòmíì lẹ́ẹ̀kan náà. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́ wọ rọ́nwèé ni kí ẹ tàn án. Iná pupa orí bàálù ni kí ẹ kọ́kọ́ tàn, kí ẹ́ńjìnnì tó ṣiṣẹ́, torí abẹ̀bẹ̀ iwájú bàálù tó bá ń yí lóru kò ṣeé rí.

Ìbéèrè: Báwo ni awakọ̀ ṣe ń mọ̀ pé òun ti dé ẹnu rọ́nwèé?

Iná búlúù ló wà létí ọ̀nà tí bàálù ń rìn gbà; funfun ló wà létí rọ́nwèé. Ìlà yẹ́lò mẹ́rin wà nílẹ̀ níwájú rọ́nwèé: méjì já gaara, méjì gé kéékèèké. Bí àwọn tó já gaara bá wà lọ́dọ̀ yín, ẹ ò gbọdọ̀ kọjá láìgbàṣẹ. Ẹ rọra rìn, ẹ má sì wo máàpù nígbà tí bàálù ń lọ. Ẹ dúró ná.

Ìbéèrè: Bí mo bá ṣìnà ńkọ́?

Ẹ dúró, kí ẹ sì sọ fún ilé ìṣọ́ pé ẹ ò mọ ibi tí ẹ wà. Bó bá jẹ́ pé orí rọ́nwèé lẹ wà, ẹ sọ ọ́ kíákíá. Kọ́ńpáàsì náà ń ṣèrànwọ́: rọ́nwèé 31 túmọ̀ sí pé yóò máa tọ́ka sí nǹkan bíi dìgírì 310, 30 sì jẹ́ nǹkan bíi dìgírì 300. Ìyàtọ̀ náà kéré, nítorí náà ẹ ka nọ́ńbà funfun tó wà lára pátákó pupa pẹ̀lú.