Nọ́ńbà Ara Ìgò Ọ̀dà Kì Í Ṣe Àwọ̀ Tánkì Ogun

Láàárín àwa tí a máa ń to ọkọ̀ ogun àwòṣe, ìgbàgbọ́ kan wà tó ti mọ́ wa lára débi pé a kì í wádìí rẹ̀ mọ́. Ìgbàgbọ́ náà ni pé ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì ní àwọ̀ kan pàtó, pé àwọ̀ náà ní nọ́ńbà, àti pé ẹni tó bá ti ra ìgò ọ̀dà tí wọ́n kọ nọ́ńbà náà sí lára ti ra òótọ́. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan á gbé tánkì rẹ̀ jáde, ẹlòmíràn á ní ó ṣú jù, ẹnì kẹta á ní kò ṣú tó, kò sì ní sí ẹni tí yóò béèrè ọdún tí tánkì náà wà lójú ogun tàbí ibi tí wọ́n ti lò ó. Lójú tèmi, ìbéèrè méjì tí ẹnikẹ́ni kò béèrè yìí ló wúwo ju ohun tí wọ́n ń jà lé lórí lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọkọ̀ àwọn ọmọ ogun Jámánì, nítorí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn láti tò, òun náà sì ni àṣìṣe pọ̀ lórí rẹ̀ jù. Bí ẹ bá bi ènìyàn ní àwọ̀ tánkì Jámánì tó wọ Pólàǹdì ní oṣù Kẹsàn-án 1939, àwọ̀ eérú tó ṣú ni yóò dárúkọ lójú ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwòrán ara páálí tí wọ́n fi ń ta àwòṣe ṣe kọ́ wa, bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́tò àtijọ́ ṣe dà bíi pé ó jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n àṣẹ tó wà nílẹ̀ láti 1937 ni pé ọ̀dà méjì ni kí wọ́n fi kun àwọn ọkọ̀ náà: àwọ̀ eérú tó ṣú, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 46 nígbà náà, lórí ìdá méjì nínú mẹ́ta ara ọkọ̀, àti búráùn tó ṣú, tí nọ́ńbà tirẹ̀ jẹ́ 45, lórí ìdá kan tó kù. Ìparí oṣù Keje 1940, lẹ́yìn tí ilẹ̀ Faransé ti ṣubú, ni àṣẹ mìíràn tó jáde pé kí wọ́n máa lo àwọ̀ eérú nìkan, kí ọ̀dà má baà tán. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ tó jà ní Pólàǹdì, àti ọ̀pọ̀ nínú èyí tó jà ní ilẹ̀ Faransé ní oṣù Karùn-ún 1940, àwọ̀ méjì ni wọ́n ní lára, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún ni gbogbo wa fi ń kun wọ́n ní àwọ̀ kan ṣoṣo.

Báwo ni ojú gbogbo wa ṣe fo búráùn náà? Fọ́tò ló fà á. Fíìmù dúdú àti funfun kì í gba àwọ̀ sílẹ̀ rárá; bí ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà láti ara nǹkan ṣe pọ̀ tó nìkan ló ń gbà. Bí àwọ̀ méjì bá ń ta ìmọ́lẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba padà, fíìmù yóò sọ wọ́n di ọ̀kan, bó ti wù kí wọ́n yàtọ̀ síra tó lójú ẹni tó dúró tì wọ́n. Àwọ̀ eérú àti búráùn tí à ń wí yìí, àwọn méjèèjì ló ṣú gan-an, nítorí náà ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò fi bẹ́ẹ̀ hàn lórí fíìmù.

Mo dán an wò fúnra mi. Mo fi ọ̀dà méjèèjì kun páálí kan, ọ̀kan lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì, mo gbé e sí ẹnu ọ̀nà ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, mo sì yí kámẹ́rà fóònù mi sí dúdú àti funfun. Lójú lásán, ọmọdé kò lè ṣi búráùn yẹn mú fún eérú. Nínú fóònù, àfi ìgbà tí mo gbé e súnmọ́ ojú dáadáa ni mo tó rí ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé. Nígbà tí mo wá gbọn ẹ̀tù ṣọ́ọ̀kì díẹ̀ sí i lórí kí ó rí bí ọkọ̀ tó ti rin ọ̀nà eléruku, ààlà náà pòórá pátápátá. Páálí náà ṣì wà lórí tábìlì mi; bí ẹnì kan bá fẹ́ bá mi jiyàn, òun ni mo máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí.

Ẹnì kan lè sọ pé fọ́tò aláwọ̀ náà wà nígbà ogun, bẹ́ẹ̀ sì ni. Fíìmù aláwọ̀ Kodachrome jáde ní 1935, irú Agfacolor tí ẹnikẹ́ni lè fi sínú kámẹ́rà sì tẹ̀ lé e ní 1936. Wọ́n wúlò púpọ̀ fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ló wà lára ọkọ̀. Ṣùgbọ́n aró inú fíìmù máa ń ṣá, kì í sì í ṣá lọ́gbọọgba: ti ọ̀kan lè dínkù kí ti èkejì sì dúró, gbogbo àwòrán náà á wá pọ́n jù tàbí kí ó fà sí búlúù. Lẹ́yìn náà ni ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yóò tún un ṣe bó ṣe wù ú, ojú kọ̀ǹpútà tiyín náà yóò sì fi tirẹ̀ kún un. Ẹni tó bá gbé ìgò ọ̀dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ láti fi wọ̀n ọ́n, ara fíìmù ló ń wọ̀n, kì í ṣe ara tánkì.

Ní ti nọ́ńbà fúnra rẹ̀, ó yẹ kí a mọ iṣẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Wọ́n dá ìgbìmọ̀ RAL, tó ń fún àwọ̀ ní nọ́ńbà, sílẹ̀ ní Jámánì ní 1925 kí olùrà àti ilé iṣẹ́ lè ní èdè kan náà nígbà tí wọ́n bá ń ṣòwò. Nọ́ńbà RAL ń sọ ohun tí ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbìyànjú láti ṣe. Kò jẹ́rìí pé ohun tó jáde nínú agolo bá a mu. Nígbà àlàáfíà pàápàá, ààyè díẹ̀ wà fún ìyàtọ̀. Nígbà ogun tí èròjà ọ̀wọ́n, ilé iṣẹ́ ń lo ohun tó bá rí. Èyí kò yẹ kó ṣàjèjì sí wa. Àwọn aláró Abẹ́òkúta àti Òṣogbo mọ̀ pé iye ìgbà tí aṣọ wọ inú ìkòkò, àti bí ìkòkò náà ti gbó tó, ló ń pinnu bí aró yóò ṣe dúdú tó, wọn kì í sì í bára wọn jà pé èwo ni aró òdodo.

Ọ̀ràn náà wá le sí i láti ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejì 1943. Ọjọ́ yẹn ni àṣẹ jáde ní Jámánì pé kí àwọ̀ ìpìlẹ̀ ọkọ̀ ogun kúrò ní eérú, kí ó di ìyeyè tó ṣú. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n ń kọ dípò nọ́ńbà ni «gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ». Ẹ̀yìn náà ni nọ́ńbà tí gbogbo wa mọ̀, RAL 7028, tó fìdí múlẹ̀. Ilé iṣẹ́ á kun ọkọ̀ ní ìyeyè, wọ́n á sì fún àwọn ọmọ ogun ní ọ̀dà àwọ̀ ewé àti ọ̀dà pupa bíi búráùn, tó ki bí ọ̀rá, nínú agolo kílò méjì àti ogún kílò. Àwọn tó ni ọkọ̀ ni yóò lú u fúnra wọn, pẹ̀lú epo bẹntiróòlù tàbí omi, kí wọ́n tó fọ́n ọn tàbí kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún bí ilẹ̀ ibi tí wọ́n wà bá ṣe rí. Ẹ ronú sí i. Ọmọkùnrin mẹ́rin tàbí márùn-ún tí oorun ń kùn ń po ọ̀dà nínú igbó; ọ̀kan da omi sí i púpọ̀, ọkọ̀ kejì lo bẹntiróòlù, ọ̀kan tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ, èkejì fi í ṣe ìlà bí ejò. Ìyeyè tó wà lábẹ́ á máa yọ lójú níbi tí ọ̀dà bá ti fẹ́lẹ́. Agolo kan náà, àwọ̀ mẹ́wàá. Èwo nínú wọn ni ìgò tó wà lọ́wọ́ yín bá mu?

Gẹ̀ẹ́sì náà ní tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé gbogbo ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gúnlẹ̀ sí Normandy, létí òkun ilẹ̀ Faransé, ní oṣù Kẹfà 1944 ló ní àwọ̀ ewé ológun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èròjà tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀dà àwọ̀ ewé ti ṣọ̀wọ́n ṣáájú ìgbà yẹn, nítorí náà búráùn kan tí wọ́n ń pè ní SCC 2 ni wọ́n ti ń lò. Oṣù Kẹrin 1944 ni wọ́n tó ní kí SCC 15, tó jọ àwọ̀ ewé tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò, rọ́pò rẹ̀, wọn kò sì ní kí ẹnikẹ́ni lọ tún ọkọ̀ tó ti wà nílẹ̀ kùn nítorí ìyẹn nìkan. Búráùn pọ̀ nínú ọkọ̀ tó sọ̀kalẹ̀ sétí òkun yẹn.

Àwọn kan á ní kí a kúkú lọ wo ojúlówó ọkọ̀ ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-pamọ́sí. Ó dára láti lọ, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí ẹ ń wò. Tánkì Jámánì tí wọ́n ń pè ní Tiger 131, tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà ní Tùnísíà ní oṣù Kẹrin 1943, tó wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-pamọ́sí Bovington ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, wọ́n ti tún un kùn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti ìgbà náà. Ọ̀dà ìpẹ́pẹ́ tí wọ́n bá há jáde láti abẹ́ bóòtì (irin tí wọ́n fi de ara ọkọ̀ pọ̀) tàbí inú àpótí irinṣẹ́ sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ òun náà kì í sọ òótọ́ tán. Òróró linseed tó máa ń wà nínú ọ̀dà ìgbà yẹn ń pọ́n bí ó bá pẹ́ nínú òkùnkùn, nígbà tí èyí tó wà lóòrùn ń ṣí, tó ń di ẹ̀tù funfun lójú. Èyí tí oòrùn kò rí ti yí padà, èyí tí oòrùn rí náà ti yí padà.

Mo gbọ́dọ̀ fẹnu kan ọ̀rọ̀ dída ọ̀dà funfun mọ́ ọ̀dà, nítorí ìgbàgbọ́ òdì mìíràn fara pamọ́ síbẹ̀. Wọ́n ní bí a bá wo àwòṣe ìwọ̀n 1/35, èyí tí ọkọ̀ gidi gùn tó o ní ìlọ́po márùndínlógójì, láti ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, bí ìgbà tí a ń wo ọkọ̀ gidi láti nǹkan bíi mítà mẹ́wàá àbọ̀ ni, pé afẹ́fẹ́ tó wà láàárín ń mú kí àwọ̀ ṣí. Ìṣirò náà tọ̀nà, àmọ́ afẹ́fẹ́ mítà mẹ́wàá kò lè ṣe nǹkan tí ojú yóò rí. Ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́: oòrùn ọ̀sán mọ́lẹ̀ ju gílóòbù inú yàrá lọ ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún mélòó kan, bákan náà ni àwọ̀ tó bá tẹ́ lọ rẹrẹ máa ń dà bíi pé ó mọ́ ju èyí tó wà lára nǹkan kékeré lọ. Nítorí náà ó tọ́ kí a mú un mọ́ díẹ̀, kódà bí ìdí tí wọ́n sọ kò tilẹ̀ tọ́. Gílóòbù ti kọ́ mi lọ́gbọ́n rí: mo po ọ̀dà kan lálẹ́ títí tó fi bá àpẹẹrẹ ọwọ́ mi mu rẹ́gí, nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo gbé méjèèjì síta, ọ̀kan ti di àwọ̀ ewé, èkejì ṣì jẹ́ ìyeyè. Èròjà inú wọn yàtọ̀, ìmọ́lẹ̀ yàrá ló mú kí wọ́n jọra.

Èmi kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kùn ún bó ṣe wù ú. Tiger aláwọ̀ eérú ní Normandy ní 1944 kò tọ̀nà, kò sì sí àlàyé tó lè gbà á sílẹ̀. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọdún, ibi àti ẹgbẹ́ ọmọ ogun ni kí a kọ́kọ́ wá, kí a wá àṣẹ tó wà nílẹ̀ nígbà náà, kí a mọ bí wọ́n ṣe fi ọ̀dà náà sára ọkọ̀, kí a tó wá jókòó ti ọ̀rọ̀ pé ó ṣú díẹ̀ tàbí ó mọ́ díẹ̀.

Jíìpù ló wà lórí tábìlì mi báyìí, ti Ẹ̀ka Ọmọ Ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní Bọ́mà, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú rẹ̀. Láàárín ìparí 1943 àti ìbẹ̀rẹ̀ 1944 ni wọ́n fi ọwọ́ la ọ̀nà jíìpù tó gùn tó nǹkan bíi máìlì márùndínlọ́gọ́rin gba orí òkè wọ àfonífojì Kaladan. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń ṣe jíìpù, nítorí náà àwọ̀ ewé ológun ti Amẹ́ríkà ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀, mo fi funfun díẹ̀ mú un mọ́. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni ìyẹn gbà mí. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń lò lórí ẹrẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ táyà rẹ̀.