Agbèrò inú sẹ́ẹ̀lì: kí ló dé tí eṣinṣin ní ẹyọ kan, tí àwa sì ní mẹ́rin?

Ìyá kan ní Kubwa ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ka biochemistry ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria gbé àkòrí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wálé: bí purotéènì scaffold ṣe ń yí padà láti ìran dé ìran lára àwọn ẹranko eléegun ẹ̀yìn. Ìyá ní nínú gbogbo rẹ̀, "ẹranko" nìkan lòun gbọ́. Ọmọ fi ìbéèrè tirẹ̀ kún ti ìyá, àwọn ará ilé náà sì dá sí i. Ìdáhùn mi rèé.

Ìyá: Ṣebí inú ẹ̀wà àti ẹyin la ti ń rí purotéènì. Èwo wá ni ti scaffold?

Ẹ ò parọ́, Màámi. Èyí tí a bá jẹ, ara á tú u palẹ̀, á fi mọ tiwa. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú rẹ̀ ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, kálukú ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn kan dúró lójú awọ sẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń gbọ́ ìròyìn láti ìta. Wọ́n á fi lé ẹnìkejì lọ́wọ́, ẹnìkejì á fi lé ẹ̀kẹta, títí sẹ́ẹ̀lì á fi mọ̀ bóyá kí òun pín sí méjì ni, kí òun kúrò lójú kan ni, tàbí kí òun kú. Àmọ́ inú sẹ́ẹ̀lì há, èrò ibẹ̀ sì pọ̀. Báwo ni ẹnìkejì ṣe ń rí ẹ̀kẹta?

Ẹ wo agbèrò ní gáréèjì Jabi. Kò wa ọkọ̀, kò tún ọkọ̀ ṣe, kò sì bá ẹnikẹ́ni rìnrìn àjò. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kó àwọn tó ń lọ Lọ́kọ́ja jọ sídìí ọkọ̀ Lọ́kọ́ja, kí ẹni tó ń lọ Kaduna má baà ṣì í wọ̀. Scaffold náà nìyẹn. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe iṣẹ́ kẹ́míkà kankan fúnra wọn. Wọ́n kàn di àwọn tó yẹ kó pàdé mú sójú kan ni.

Ọmọ: Ẹ̀rí wo ló wà pé ẹni tó ń kó wọn jọ lè yí ibi tí ìròyìn ń lọ padà?

Àbúrò, ìbéèrè yìí ló dùn mọ́ mi jù. Lára ìwúkàrà (yeast), ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan tí àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì ń lò, ni ẹ̀rí náà ti wá. Nígbà tí ìwúkàrà bá gbóòórùn ẹni tó fẹ́ bá gùn, purotéènì kan tó ń jẹ́ Ste5 á to àwọn ajíṣẹ́ mẹ́ta tẹ̀ léra wọn kí ìròyìn náà lè kọjá. Ní 1994 ni wọ́n fi hàn pé kíkójọ ni iṣẹ́ Ste5. Òmíràn tún wà, Pbs2, tó ń ṣe irú rẹ̀ fún ìròyìn pé iyọ̀ ti pọ̀ jù lágbègbè.

Ní 2003, Wendell Lim àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní San Francisco so apá kan Ste5 mọ́ Pbs2, wọ́n fi í sínú ìwúkàrà, wọ́n sì fún un ní òórùn ìgùn. Kò múra àtigùn. Ohun tó máa ń ṣe tí iyọ̀ bá pọ̀ ló ṣe! Wọn ò dá ajíṣẹ́ tuntun kankan sílẹ̀. Agbèrò ni wọ́n pààrọ̀. Lójú tèmi, ìdí abájọ nìyí tí ẹ̀dá fi lè yàtọ̀ síra gidigidi láìjẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ inú sẹ́ẹ̀lì wọn yàtọ̀ púpọ̀.

Ọmọ: Mo kà á pé eṣinṣin ní jíìnì dlg kan, ènìyàn ní mẹ́rin. Níbo la ti rí mẹ́ta yòókù?

Jíìnì ni ìlànà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń mọ purotéènì, agbèrò kan sì ni purotéènì tí dlg ń mọ. Tí dlg bá bàjẹ́ lára ìdin eṣinṣin, sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á máa pọ̀ sí i láìgbọ́ràn títí á fi di kókó. Ní 1992, àwọn tó ń yẹ ọpọlọ eku wò rí ìbátan rẹ̀ níbi tí sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ méjì ti ń bára wọn sọ̀rọ̀. PSD-95 ni wọ́n pè é. Òun náà ni DLG4 tiwa, ó sì ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò: DLG1, DLG2 àti DLG3.

Ọmọ Japan kan tó ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, Susumu Ohno, sọ ní 1970 pé ìgbà mìíràn wà tí gbogbo jíìnì ẹ̀dá kan máa ń di ìlọ́po méjì lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé ẹ̀dà tó lé yìí ni ẹ̀dá fi ń rí àyè dán nǹkan tuntun wò. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà báyìí ni pé ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ní ìpilẹ̀ṣẹ̀ àwọn eléegun ẹ̀yìn, ní nǹkan bí mílíọ̀nù 500 ọdún sẹ́yìn. Ẹlẹ́rìí pàtàkì ni amphioxus, ẹ̀dá kékeré kan tó ń rì sínú iyanrìn òkun, tó sún mọ́ wa ṣùgbọ́n tí kò léegun ẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n ka gbogbo jíìnì rẹ̀ tán ní 2008, ibi tí tirẹ̀ ti jẹ́ ọ̀wọ́ kan, ọ̀wọ́ mẹ́rin ni tiwa sábà máa ń jẹ́, lórí krómósómù (okùn tí jíìnì tò sí) ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ọ̀wọ́ jíìnì Hox tó ń ṣètò ara láti orí dé ìdí rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́: ọ̀kan fún amphioxus, mẹ́rin fún ènìyàn àti eku.

Bàbá: Ẹ̀dà rẹpẹtẹ báyìí, kì í ha ṣe ẹrù lásán?

Ẹrù ni, Bàbá, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ti dànù. Àmọ́ jíìnì àwọn tó ń jíṣẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì wà lára àwọn tó ṣẹ́kù jù. Àlàyé tí mo fara mọ́ ni ti ìwọ̀n. Bí agbèrò bá pọ̀ ju ọkọ̀ lọ, ọ̀kan á di èrò mú, òmíràn á di dírébà mú, ọkọ̀ kankan ò sì ní í gbéra. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n rí i lára ẹyin ọ̀pọ̀lọ́: KSR, scaffold kan, ń ti ìròyìn lẹ́yìn tó bá mọ níwọ̀n, ó sì ń dí i lọ́nà tó bá pọ̀ jù. Nítorí náà, bí jíìnì kan ṣoṣo bá di méjì, ìwọ̀n á bàjẹ́. Bí gbogbo wọn bá jọ di méjì, ìwọ̀n ò yẹ̀. Sísọ ẹyọ kan nù ló wá kù tó lè bà á jẹ́. Ẹ̀dà wọ̀nyẹn pẹ́ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ráyè pín iṣẹ́.

Ọmọ: Báwo la ṣe mọ̀ pé wọ́n pín in lóòótọ́?

Eku tó ń fi imú tẹ ojú kọ̀ǹpútà ló sọ fún wa. Ní 2013, Seth Grant ní Edinburgh àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi eku tí Dlg wọn ti bàjẹ́ níkọ̀ọ̀kan ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Láìsí Dlg4, ẹ̀kọ́ tó rọrùn pàápàá di ìṣòro. Níbi ìdánwò tó le, Dlg2 ń fà sí ìhín, Dlg3 ń fà sí ọ̀hún. Àwọn ènìyàn tí DLG2 wọn bàjẹ́ sì kọsẹ̀ nínú irú ìdánwò kan náà.

Bùrọ̀dá: Ṣé torí ọpọlọ ni wọ́n ṣe wáyé, nígbà náà?

Rárá o. Sponge, ẹranko kan inú òkun, ò ní ọpọlọ, kò ní iṣan ìmọ̀lára kankan, síbẹ̀ ní 2007 wọ́n bá ọ̀pọ̀ nínú jíìnì àwọn scaffold yìí lára rẹ̀. Agbèrò ti wà kí gáréèjì tó dé.

Bàbá: Èyí ò ha ta ko ìwé mímọ́?

Ẹ bi pásítọ̀ tàbí ààfáà yín, Bàbá. Jíìnì nìkan ni mo gbọ́ èdè rẹ̀.

Ìyá: Wọ́n ní SHANK3 ọmọ ará ilé wa kan lábùkù. Bí a bá ní SHANK mẹ́ta, kí ló dé tí méjì tó kù ò lè gbà á ṣe?

Agbèrò ni àwọn SHANK náà, Màámi, wọ́n sì ti pín iṣẹ́ láàárín ara wọn. SHANK3 ló gbilẹ̀ jù ní striatum, apá kan nínú ọpọlọ tó ń dá sí ìrìn àti àṣà, ibẹ̀ kì í sì í ṣe ibùgbé gbogbo wọn bákan náà. Ẹ̀dà kan láti ọ̀dọ̀ bàbá àti ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọ ń ní. Bí ọ̀kan bá sọnù, ìwọ̀n ti yẹ̀ nìyẹn. Tí ìpẹ̀kun krómósómù 22 tí SHANK3 wà bá gé, àìsàn Phelan-McDermid ló máa ń fà: ara ọmọ á rọ̀ láti kékeré, ọ̀rọ̀ á pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ tàbí kó má tilẹ̀ dé, ọ̀pọ̀ sì máa ń ní autism. Ẹja zebrafish ní SHANK3 méjì, a àti b, torí ìran ẹja rẹ̀ tún ṣe ìlọ́po lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn tiwa. Kò sọ ọ́ di ọlọ́gbọ́n jù wá.

Ní 2016, ní MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, wọ́n tún Shank3 tan padà lára àwọn eku tó ti dàgbà láìní in. Àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ họ ara wọn títí tó fi di egbò dẹ́kun rẹ̀, wọ́n sì tún ń sún mọ́ ẹgbẹ́ wọn. Àmọ́ ìpayà wọn ò lọ, ìrìn wọn ò sì gún, àfi lára àwọn tí wọ́n tàn án fún láti kékeré.