Ohun tí ọ̀dà tíìlì tó ṣú ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe nínú yàrá

Tíìlì kì í ṣe búlúù, kì í sì í ṣe àwọ̀ ewé. Àárín àwọn méjèèjì ló dúró sí. Ara ẹyẹ ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ kékeré kan tí akọ rẹ̀ ní ìlà aláwọ̀ ewé láti ojú lọ sẹ́yìn orí. Lójú kọ̀ǹpútà, tó ń fi 0 dé 255 wọn àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, tíìlì gidi kò ní pupa kankan nínú: pupa 0, àwọ̀ ewé 128, búlúù 128. Bí a bá dín méjì tó kẹ́yìn yẹn kù, àwọ̀ náà á ṣú, a sì ti dé èyí tí àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa kùn sára ògiri ilé. Ẹni tó bá wo irú ògiri bẹ́ẹ̀ tó ní "dúdú ni" kò parọ́. Dúdú ti kó aró àti ewé tútù mọ́ra lẹ́nu Yorùbá tipẹ́tipẹ́, iṣẹ́ dúdú náà sì ni ògiri yìí ń ṣe: ó ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì.

Bó ṣe ń gbé e mì tó ṣeé wọ̀n. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní LRV, tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ tí àwọ̀ kan ń dá padà ṣe pọ̀ tó, máa ń wà lẹ́yìn káàdì àwọ̀ tàbí nínú ìwé tó bá ọ̀dà wá. Dúdú tí kò dá ìmọ́lẹ̀ kankan padà ni 0, funfun tó dá gbogbo rẹ̀ padà ni 100. Ọ̀dà funfun inú ilé sábà máa ń lé ní 80. Tíìlì tó ṣú kì í sábà ju 10 lọ. Nínú yàrá funfun, ìmọ́lẹ̀ á gbá ògiri yìí, á ta sí tọ̀hún, á tún ta padà, títí gbogbo kọ̀rọ̀ á fi rí tirẹ̀ gbà. Nínú yàrá tíìlì, ibi tó bá kọ́kọ́ kàn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ parí sí.

Ìdí nìyí tí gílóòbù kan ṣoṣo láàárín àjà fi máa ń ba àwọ̀ yìí jẹ́. Òkè ògiri á mọ́lẹ̀ díẹ̀, ìsàlẹ̀ á ṣú, ojú ẹni tó jókòó á dà bíi ti ẹni tí inú ń bí. Iná kékeré mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó wà nísàlẹ̀, ọ̀kan lórí tábìlì, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ọ̀kan tó kọjú sí ògiri, ló máa ń mú un dára. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan á dúró sí àyè tirẹ̀, òkùnkùn tó wà láàárín wọn ló sì ń jẹ́ kí yàrá náà jinlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kí gbogbo ibẹ̀ mọ́ rokoṣo, kó yáa wá àwọ̀ mìíràn.

Irú gílóòbù náà ṣe pàtàkì. Ògiri kò lè dá ohun tí wọn ò fún un padà. Iná tó pọ́n díẹ̀, tí wọ́n kọ 2700K sí lára (K ni kelvin, òṣùwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀), kò ní búlúù púpọ̀, nítorí náà tíìlì á lọ sí apá ewé lábẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ iná funfun 6500K, á lọ sí apá búlúù, á sì tutù. Ọ̀dà kan náà, yàrá kan náà.

Bí ilẹ̀ bá wá ń ṣú lọ, ohun mìíràn tún máa ń ṣẹlẹ̀, inú ojú èèyàn ló sì ti ń ṣẹlẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ń bá wa ríran lọ́sàn-án yàtọ̀ sí èyí tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn. Ti ọ̀sán máa ń ta gìrì jù sí ìmọ́lẹ̀ tó wà ní nǹkan bíi 555 nánómítà, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ìgbì ìmọ́lẹ̀. Ti òru, nǹkan bíi 507, àgbègbè tíìlì gan-an nìyẹn. Nírọ̀lẹ́ tí wọn ò tíì tan iná, àga pupa á ti dúdú kirikiri nígbà tí ògiri tíìlì tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á ṣì máa yọ. Orúkọ Purkinje, onímọ̀ ará Czech tó ṣàkíyèsí rẹ̀ ní ọ̀rúndún 19, ni wọ́n fi ń pe ìṣẹ̀lẹ̀ yìí.

Gbogbo èyí ló fà á tí káàdì kékeré tí wọ́n ń wò ní ìsọ̀ ọlọ́dà kò fi tó ṣèpinnu. Pátákó ńlá ni kí wọ́n kùn lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n gbé e ti ògiri kọ̀ọ̀kan láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́. Pátákó náà sàn ju kí wọ́n kàn tọ́ díẹ̀ sára ògiri tó wà tẹ́lẹ̀, nítorí àwọ̀ tó bá yí i ká máa ń yí i padà lójú. Michel Eugène Chevreul, tó ń bójú tó iṣẹ́ aró ní Gobelins, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń hun aṣọ ọlọ́nà ní Paris, tẹ ìwé jáde lórí èyí ní 1839. Wọ́n ti fẹjọ́ òwú dúdú sùn ún pé kò dúdú tó. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò rí àléébù lára aró náà. Àwọ̀ tí wọ́n hun tì í ló ń bà á jẹ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń kábàámọ̀ ni kíkùn fúnra rẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀dà bo ògiri dáadáa ni lẹ́búlẹ́bú funfun kan, titanium dioxide. Ọ̀dà tí wọ́n fẹ́ po di tíìlì tó ṣú kò gbọ́dọ̀ ní in púpọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣe ni àwọ̀ náà á mọ́ jù. Nítorí náà, ìpìlẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní funfun nínú rárá ni wọ́n máa ń da àwọ̀ sí, ìkùn àkọ́kọ́ á sì rí jákujàku bí ìgbà tí wọ́n da yíǹkì olómi sára ògiri. Kì í ṣe pé ọ̀dà náà kò dára. Bí wọ́n bá ti kọ́kọ́ kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ní àwọ̀ eérú, ìkùn méjì sí mẹ́ta á tó. Lórí funfun báláú, wọ́n lè ṣe é títí kó sú wọn. Ọ̀dà tí wọ́n fi omi po tún máa ń mọ́ díẹ̀ nígbà tó bá ṣì tutù, á wá ṣú sí i tó bá gbẹ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ojú ọ̀dà tutù ṣèdájọ́.

Ibi tí ọ̀dà tutù bá ti gun èyí tó ti gbẹ, ìlà á hàn. Lórí funfun, kò sẹ́ni tó máa rí i. Lórí tíìlì, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà á rí i. Rólà gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé etí tó ṣì tutù láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n má sì dúró láàárín ògiri lọ gba ìpè.

Ọ̀dà tí kì í dán ló ń bo gbogbo wúruwùru ògiri, ó sì máa ń mú kí àwọ̀ dà bí aṣọ àrán. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi èjìká ha á, ojú ibẹ̀ á máa dán. Èyí tó ń dán díẹ̀ ṣeé nù, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń dà bíi pé ó ṣú jù. Gbogbo kòtò àti gegele ara ògiri ló sì máa ń tú fó.

Ní ti ohun tó bá a lọ, igi tó pọ́n, idẹ, awọ àti àwọ̀ ọsàn ló ń bá a ṣe dáadáa jù, nítorí òdìkejì rẹ̀ ni wọ́n. Àjà funfun báláú á gé ògiri náà bí ọ̀bẹ. Bí wọ́n bá kun àjà pẹ̀lú, igun á pòórá, ojú ò sì ní mọ ibi tí yàrá parí sí.

Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ọ̀dà náà á ti gbẹ lójú, ṣùgbọ́n ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó le délẹ̀. Títí dìgbà yẹn, kí àga jìnnà sí ògiri ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kí wọ́n sì fi aṣọ gbígbẹ lásán gbọn eruku kúrò.