Òfuurufú mọ́ kedere, kí ló ń da GPS láàmú lálẹ́?

Àwọn tó ń gbé iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n fún wa ní Kubwa àti Lugbe, l'Ábùújá, sábà máa ń ní, “Sọ́féyọ̀, oòrùn ti wọ̀, ara ti tù, ẹ kúkú parí ẹ̀ lálẹ́ yìí.” Tó bá jẹ́ oṣù kẹta, ìkẹrin, ìkẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, mi ò kì í gbà. Láti nǹkan bí aago mẹ́jọ títí di ọ̀gànjọ́, ẹ̀rọ GPS tí a fi ń wọ̀n ilẹ̀ lè máa pàdánù àmì sátẹ́láìtì lọ́kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ kò sí òjò, kò sí ìkùukùu.

Òkè lọ́hùn-ún ni ọ̀rọ̀ náà wà, níbi tí wọ́n ń pè ní ionosphere, láti nǹkan bí 80 kìlómítà lọ sókè. Lọ́sàn-án, ìtànṣán líle láti ara oòrùn máa ń já electron, èérún tín-ínrín tó ní agbára iná, kúrò lára átọ́ọ̀mù afẹ́fẹ́ ibẹ̀. Tiwa wá tún yàtọ̀, torí pé ìlà agbedeméjì ti agbára òòfà ayé gba àríwá Nàìjíríà kọjá, kò sì jìnnà sí Àbújá. Lórí ìlà yẹn, electron máa ń gòkè, wọ́n á sì ṣàn lọ sí ìhà méjèèjì, wọ́n á kó jọ ní nǹkan bí ìwọ̀n 15 sí àríwá àti gúúsù rẹ̀. Ọ̀kan bọ́ sí orí Sàhárà, èkejì sí ìhà Kóńgò.

Báwo ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ṣe rí ibi tí electron kó jọ sí yìí? Lálẹ́, nígbà tí electron bá padà sára ọ́síjìn tó ti pàdánù tirẹ̀, ìmọ́lẹ̀ máa ń jáde. Ultraviolet ni, ìgbì rẹ̀ jẹ́ 135.6 nanomita, ojú wa kò lè rí i. Kì í tilẹ̀ délẹ̀, nítorí ọ́síjìn tó wà nísàlẹ̀ ń gbé e mì. Ìdí nìyẹn tí kámẹ́rà fi gbọ́dọ̀ gòkè kọjá afẹ́fẹ́. Ohun kan náà ló tún ṣe kámẹ́rà yẹn lóore: iná Èkó àti ti Àbújá kò lè dà á láàmú. Bí electron bá di ìlọ́po méjì, ìmọ́lẹ̀ náà á di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí náà ibi tí electron bá ti dín kù máa ń ṣókùnkùn gan-an.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1972, àwọn ará Apollo 16, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà, gbé kámẹ́rà ultraviolet tí George Carruthers ṣe sórí òṣùpá. Àwòrán ayé tí wọ́n yà fi ìgbànú ìmọ́lẹ̀ méjì hàn, níbi méjèèjì tí electron kó jọ sí. GOLD, ẹ̀rọ NASA (àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà) tó ń ya àwòrán ìmọ́lẹ̀ yìí, tó gòkè ní oṣù kìíní ọdún 2018 lára sátẹ́láìtì SES-14, wà lójú kan lókè, níhà Amẹ́ríkà. Ó dùn mí pé etí àwòrán rẹ̀ ni Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà bọ́ sí.

Síbẹ̀, àwòrán náà fi ọ̀tá wa hàn: ìlà dúdú tó gé ìgbànú ìmọ́lẹ̀ náà láti àríwá sí gúúsù. Bí oòrùn bá wọ̀, electron ìsàlẹ̀ máa ń tán kíákíá, tòkè á ṣì ki. Èyí tó fúyẹ́ á wá bọ́ sábẹ́ èyí tó wúwo, á sì ru jáde, bí epo pupa tí wọ́n dà sábẹ́ omi. Ihò tó bá ṣí sílẹ̀ báyìí ni ìlà dúdú yẹn, ó sì lè gùn ju 1,000 kìlómítà lọ. Àmì GPS tó bá gba etí rẹ̀ kọjá á máa gbọ̀n, ẹ̀rọ ilẹ̀ á sì pàdánù rẹ̀. Ẹ̀rọ olówó ńlá tó ń gba ìgbì méjì lè yọ ìdádúró tí electron ń fà kúrò, àmọ́ kò lè tún àmì tó ti já ṣe.

Láàárọ̀ ni kí ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Tó bá di dandan kí ẹ̀rọ wà níta mọ́jú, ká tún un wọ̀n lọ́jọ́ kejì kí wọ́n tó ri òpó ààlà mọ́lẹ̀. Bí ìwọ̀n yín kò bá sì bá ti aládùúgbò mu, kí ẹ tó gbé ara yín lọ sí kóòtù, ẹ bi sọ́féyọ̀ méjèèjì pé aago mélòó ni wọ́n wọ̀n ọ́n.