Bí òkun ṣe ń ṣí ọ̀nà, tó sì ń tì í, ní etíkun Olympic

Ní igun àríwá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilẹ̀ ti kọjú sí òkun Pàsífíìkì, etíkun tóóró kan wà tó gùn tó nǹkan bí kìlómítà 117. Ara Ọgbà Orílẹ̀-èdè Olympic ni. Ọdún 1938 ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó di 1953 kí etíkun yìí tó bọ́ sábẹ́ rẹ̀. Ní ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀, títì kò dé etí omi. Igbó kìjikìji ló bo ilẹ̀ títí dé ibi tí iyanrìn ti bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ ti etíkun kan bọ́ sí èkejì, orí iyanrìn náà ni yóò gbà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé iyanrìn náà kì í fi gbogbo ìgbà wà níta. Máàpù lè sọ bí ibi kan ṣe jìnnà tó. Ìwé àkókò òkun, èyí tó ń kọ ìgbà tí omi yóò kún àti ìgbà tí yóò fà, ló ń sọ bóyá ọ̀nà wà rárá.

Òṣùpá ló ń fa omi òkun, oòrùn sì ń bá a fà á díẹ̀. Bí ayé ṣe ń yí, etíkun yìí máa ń rí ìkún méjì àti ìfà méjì láàárín wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 50. Ìṣẹ́jú 50 tó lé yẹn, ìrìn òṣùpá fúnra rẹ̀ ló fà á, òun ló sì ń mú kí àkókò máa sún lójoojúmọ́: bí omi bá fà tán ní aago mẹ́jọ àárọ̀ òní, ti ọ̀la yóò tó nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìfà méjèèjì kò dọ́gba. Ọ̀kan máa ń lọ sílẹ̀ gan-an, èkejì a kàn sún díẹ̀. Nígbà tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti nígbà tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú, agbára oòrùn àti ti òṣùpá máa ń papọ̀, omi á sì fà jìnnà ju ti ọjọ́ yòókù lọ. Lásìkò ooru, ojúmọmọ, pàápàá láàárọ̀, ni ìfà tó jìn jù máa ń bọ́ sí. Lásìkò òtútù, òru ni. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ rí ìsàlẹ̀ àpáta dáadáa lè sùn pẹ́ nínú oṣù Kẹfà.

Ẹsẹ̀ bàtà ni wọ́n fi ń wọn omi nínú ìwé àkókò òkun. Òdo dúró fún ìpíndọ́gba ìfà tó relẹ̀ jù lójúmọ́. Tí nọ́ńbà bá ní àmì ìyọkúrò níwájú, omi ti fà kọjá ibẹ̀. Ohun kan wà tó máa ń tan àlejò jẹ: àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń sún aago síwájú ní wákàtí kan láti oṣù Kẹta di oṣù Kọkànlá, àwọn ìwé kan kò sì kà á mọ́ ọn. Ìwé náà kò sì mọ ohunkóhun nípa ìjì. Bí afẹ́fẹ́ líle bá ń ti omi bọ̀ láti ojú òkun, omi lè ga ju ohun tí wọ́n kọ lọ.

Etíkun náà kò tẹ́ lọ gbọọrọ. Àpáta ńláńlá yọ sínú omi níbí àti lọ́hùn-ún, wọ́n gé iyanrìn sí wẹ́wẹ́. Àwọn kan ṣeé gba ẹsẹ̀ wọn kọjá bí omi bá ti sọ̀ kalẹ̀ ju nọ́ńbà kan lọ, máàpù sì máa ń kọ nọ́ńbà náà síbẹ̀. Àwọn mìíràn kò ṣeé yí po rárá, bó ti wù kí omi fà tó. Níbẹ̀, wọ́n la ọ̀nà gba orí òkè, wọ́n sì kan àmì róbótó aláwọ̀ pupa àti dúdú mọ́ igi kí ẹni tó wà lórí iyanrìn lè rí i. Òmíràn ga débi pé àkàbà tàbí okùn ni èèyàn yóò fi gun ún nínú ẹrẹ̀. Àmọ́ àárín àpáta méjì ni ewu gidi wà. Ẹni tó yí àkọ́kọ́ po nígbà tí omi ń kún lè bá èkejì ní títì, kó bojú wẹ̀yìn, kó rí i pé èyí tó ti kọjá náà ti rì. Torí náà, ìgbà tí omi ṣì ń fà ló yẹ kí èèyàn gbéra, kì í ṣe ìgbà tó ti fà tán.

Rialto Beach ni ibi tó rọrùn jù láti rí bí àwọn àpáta yìí ṣe ń yí padà. Ní nǹkan bí kìlómítà méjì àtààbọ̀ sí àríwá rẹ̀ ni Hole-in-the-Wall wà, ihò tí ìgbì òkun lu já lára àpáta. Ìgbì máa ń jẹ ibi tó rọ̀, á fi ibi tó le sílẹ̀. Tí ihò bá gbòòrò jù, orí rẹ̀ á wó, ohun tó bá kù á dá dúró láàárín omi bí òpó. Irú òpó bẹ́ẹ̀ pọ̀ lójú òkun níbẹ̀, ẹyẹ òkun sì ń pa ẹyin sórí wọn. Òfin kò gba èèyàn láyè láti gùn wọ́n.

Igbó náà ń fi tirẹ̀ ránṣẹ́. Òjò tó ń rọ̀ ní àfonífojì Hoh lọ́dún kan tó nǹkan bí mítà 3.5. Odò á jẹ etí bèbè, igi ńlá á wó sínú rẹ̀, odò á gbé e lọ sí òkun, òkun á sì jù ú padà sórí iyanrìn. Ìtì igi wọ̀nyí tò gègèrè sí ìdí igbó, ó sì máa ń wu àwọn èèyàn láti jókòó lé wọn. Ìtì tó wúwo tó ọkọ̀ akẹ́rù, ìgbì kan ṣoṣo lè gbé e yí, ó sì ti pa èèyàn rí. Bí omi bá ń kún, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wà láàárín ìtì igi àti òkun.

Ìgbì yìí kan náà ló tú àṣírí Ozette síta. Abúlé àwọn Makah, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ni, nítòsí Cape Alava, tí ẹrẹ̀ ya bò mọ́lẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Ní 1970 ni omi jẹ bèbè náà, tí ohun èlò onígi sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde, nítorí ẹrẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n jẹrà. Ọdún 11 ni wọ́n fi wà á, ohun tí wọ́n rí lé ní 55,000, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn Makah ní Neah Bay ló sì ń tọ́jú wọn. Ẹni tó bá ti Cape Alava rin etíkun lọ sí Sand Point yóò rí àwòrán ẹja àbùùbùtán tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ní Wedding Rocks.

Nínú kòtò omi tí òkun fi sílẹ̀ láàárín àpáta, ẹja ìràwọ̀ ni ọ̀gá. Ní 1963, onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè Robert Paine bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn kúrò lára àpáta kan ní ilẹ̀ Makah, ó ń jù wọ́n sínú òkun. Àwọn mussel, ẹ̀dá oníkarawun tí ẹja ìràwọ̀ ń jẹ, gba gbogbo àyè. Irú ẹ̀dá tó wà níbẹ̀ wálẹ̀ láti 15 sí 8. Nítorí náà, ìwòran ni ti àlejò: kí ó má ṣe fa ohunkóhun tu.

Ẹni tó fẹ́ sùn síbẹ̀ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kó sì kó oúnjẹ sínú agolo líle tí ẹranko kò lè ṣí. Béárì dúdú wà nínú igbó, ṣùgbọ́n raccoon, ẹranko kékeré tó mọ ọwọ́ lò gan-an, ló ń jí oúnjẹ jù. Gbogbo etíkun kọ́ ni ti ọgbà, o. First Beach ní La Push, àwọn Quileute, ẹ̀yà ọmọ onílẹ̀ mìíràn, ló ni ín. Ọ̀nà tó lọ sí etíkun Shi Shi gba orí ilẹ̀ Makah kọjá, wọ́n sì ní ìwé àṣẹ tiwọn lọ́tọ̀, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ sùn ní Shi Shi yóò mú méjèèjì dání.