Bí Àkọsílẹ̀ Ìdílé Ṣe Bẹ̀rẹ̀ Nílẹ̀ Oǹdó

Àwọn tó kọ́kọ́ kọ ohun tójú wọn rí sílẹ̀ nílùú Oǹdó, ọmọ ọmọ kọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Lọ́dún 1875 ni C.M.S., ẹgbẹ́ ajíyìnrere ìjọ Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rán Charles Young wá sí Òde Oǹdó, ọdún kan náà tí wọ́n ṣèpàdé l'Ékòó lórí ọ̀nà tí a ó máa gbà kọ Yorùbá sílẹ̀. Dandan ni fún irú ajíyìnrere bẹ́ẹ̀ láti máa kọ ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá ní Lọ́ńdọ̀nù. Charles Phillips tó dé lọ́dún 1877 náà kọ díárì. Ohun tí wọ́n kọ wúlò púpọ̀, torí inú rẹ̀ la ti ń rí Oǹdó ayé ọjọ́un; ṣùgbọ́n òkè òkun ni wọ́n kọjú sí.

Ẹnu ni ìdílé fi ń pa ìtàn tiwọn mọ́. Oríkì ló ń sọ ẹni tí baba ńlá jẹ́, ìṣẹ̀lẹ̀ ni wọ́n sì fi ń ka ọdún. Ìyá kan l'Ákùúrẹ́ á ní, "Ọdún lùkúlùkú ni mo bí ẹ̀gbọ́n rẹ," ìyẹn 1918 tí àjàkálẹ̀ àrùn inflúẹ́ńsà jà. Òmíràn á ní ayé Déjì Adéṣidà ni, bẹ́ẹ̀ Adéṣidà wà lórí oyè láti 1897 dé 1957.

Lójú tèmi, inú Bíbélì ni àkọsílẹ̀ ìdílé ti bẹ̀rẹ̀ gan-an. Òun ni ìwé tó dájú pé ẹnikẹ́ni kò ní fa ya di àkàrà. Baba tó bá mọ̀wé díẹ̀ á ṣí ojú ewé òfìfo tó wà níwájú, á kọ orúkọ ọmọ àti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Mo ti rí ọ̀kan rí tí yíǹkì rẹ̀ ti ń ṣá. Lábẹ́ orúkọ ọmọ kẹta, baba kọ ọ̀rọ̀ méjì péré: "Kò dúró." Oríkì kì í sọ irú ìyẹn. Gbígbé ẹni ga ni tirẹ̀. Ẹ̀dùn ọkàn baba lórí ìkókó tó kú kì í sí níbẹ̀.

Ilé-ìwé ló sọ ojú ewé kan di odidi ìwé. Ondo Boys' High School bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1919, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ayé Awólọ́wọ̀ sì dé lóṣù kìíní 1955. Tíṣà tó fẹ̀yìn tì wá ń ra ìwé ńlá, ó ń kọ bó ṣe ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé-ìwé, iye tí bàbá rẹ̀ ta kòkó, ẹni tó bá a san owó ìdánwò. Inú mi máa ń dùn sí irú wọn, torí ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé ní kò ju ìtàn ìgbésí ayé inú ìwé ètò ìsìnkú lọ. Ọmọ ló sáré kọ ọ́ nígbà tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ẹni tó yẹ kó bá a tún un ṣe sì ti lọ.

Nísinsìnyí, ìyá tí kò mọ̀wé náà lè sọ tirẹ̀ sínú fóònù ọmọ ọmọ rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ ni wàhálà ń dé. Oǹdó ni ìyá sọ. Yorùbá ilé-ìwé ni ọmọ ń kọ. Ọ̀rọ̀ tí Oǹdó àti Àkúrẹ́ fi "u" bẹ̀rẹ̀, á fi "i" rọ́pò rẹ̀, títí ohùn ìyá àgbà á fi pòórá nínú ìtàn ara rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́ síbòmíì. Ìwé ìtàn ilẹ̀ Yorùbá tí Samuel Johnson kọ parí lọ́dún 1897 sọnù lọ́wọ́ àwọn tó ní kí wọ́n bá òun tẹ̀ ẹ́. Ó kú lọ́dún 1901 láì fojú kàn án. Obadiah àbúrò rẹ̀ ló ṣa àwọn ìwé tó ṣẹ́ kù jọ, tó tún un kọ, ọdún 1921 ló sì tó jáde.