Ìsàlẹ̀ Èkó

Ìsàlẹ̀ Èkó ni apá tó pẹ́ jù lọ ní Erékùṣù Èkó, tí omi ọ̀sà yí ká. Àwọn Àwórì, apẹja àti àgbẹ̀, ni wọ́n tẹ ibẹ̀ dó. Oko ata Arómirẹ́, ìjòyè Àwórì kan, ni ilẹ̀ tí ààfin ọba wà lónìí, ibẹ̀ ni orúkọ Ìga Ìdúngànrán ti wá: ààfin ni ìga, oko ata ni ìdúngànrán.

Afárá mẹ́ta ló so erékùṣù náà mọ́ ìhà Mainland. Afárá Carter, tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ ní 1901, balẹ̀ sí Ìdúmọ̀tà. Afárá Èkó (1975) balẹ̀ sí Apọ́ńgbọ̀n, àdúgbò tó gba orúkọ lára irùngbọ̀n pupa William McCoskry, òyìnbó tó jẹ́ adelé gómìnà ní 1861. Third Mainland Bridge (1990), tó gùn ní kìlómítà 11.8, sọ̀ sí Adéníji Adélé.

Ẹsẹ̀ afárá ni ọjà ti pọ̀ jù. Ọjà Balógun kò ní odi. Òpópónà gan-an ni ọjà. Aṣọ ni wọ́n ń tà níbẹ̀ jù: àǹkárá yáàdì mẹ́fà-mẹ́fà, léèsì yáàdì márùn-ún-márùn-ún. Ẹni tó ń ra aṣọ ẹbí gbọ́dọ̀ ka èèyàn rẹ̀ pé kó tó sanwó, kó sì ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí aṣọ kò bá tó, tó wá padà lọ rà sí i, ó lè bá irú rẹ̀ tí wọ́n rẹ lọ́tọ̀: àwòrán á bára mu, àwọ̀ ò ní bára mu, ìyàtọ̀ náà á sì hàn kedere lójú agbo. Aláàárù ló ń gbé ìdì aṣọ jáde. Ó ká òṣùká sórí, ó ń ké “Àgò o!”, kíá ni kí èèyàn yà, nítorí ẹni tó ru ẹrù bẹ́ẹ̀ kò lè dúró lójijì.

Ní Pópó Àgùdà, àwọn ọmọ ẹni tó ti Brazil àti Cuba padà ń se fréjọ̀n ní Good Friday: ẹ̀wà tó rọ̀ dáadáa, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sì po omi àgbọn mọ́. Ẹja ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́.

Òpópónà ọjà Ìsàlẹ̀ Èkó yìí kan náà ni Èyò, eégún aláṣọ funfun, ń gbà. Kì í ṣe ọdọọdún. Ikú ọba, ìjòyè tàbí èèkàn ìlú ló sábà ń mú un jáde. Èyò ti 20 Fẹ́búárì 1854, tí wọ́n fi ṣẹ̀yẹ Ọba Akítóyè, ni a kọ́kọ́ rí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Agbádá funfun tó ń wọ́lẹ̀, ìbòjú, àkẹtẹ̀ àti ọ̀pámbàtà, ọ̀pá imọ̀ ọ̀pẹ, ni ìmúra rẹ̀. Àwọ̀ àkẹtẹ̀ ni a fi ń dá ẹgbẹ́ Èyò kọ̀ọ̀kan mọ̀: dúdú ni ti Adímú tó jẹ́ àgbà, pupa ni ti Lábà, ìyeyè ni ti Oníkò, àwọ̀ ewé ni ti Ológèdè, àlùkò ni ti Àgẹrẹ. Ọjọ́ Àìkú ni Adímú máa ń gbé ọ̀pá jáde, Sátidé tó tẹ̀ lé e ni Èyò. Lọ́jọ́ náà, ìsọ̀ Ìdúmọ̀tà á wà ní títì. Bàtà, sìgá, ọ̀kadà àti irun ṣùkú jẹ́ èèwọ̀ níwájú Èyò. Ọ̀pámbàtà ni wọ́n fi ń bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni tó bá gbàgbé.